Sharpe, Sortino, Treynor, Calmar: èwo ni kẹ́ ẹ fi wọn ṣíà tẹ́ ẹ fẹ́ dì mú pẹ́?

Ṣíà méjì rèé. Ẹ jẹ́ ká pe àkọ́kọ́ ní Jẹ́jẹ́, ká pe ìkejì ní Wàràwàrà. Nínú ọdún mẹ́wàá, Jẹ́jẹ́ ń mú èrè 9% wọlé lọ́dún ní ìpíndọ́gba, Wàràwàrà ń mú 16% wá. Tó bá jẹ́ èrè nìkan lẹ ń wò, ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ ra Wàràwàrà kẹ́ ẹ lọ sùn. Àmọ́ Wàràwàrà yìí kan náà, ìgbà kan wà tó já wálẹ̀ ní 61% látibi tó ga sí jù, Jẹ́jẹ́ ò sì já ju 22% lọ rí. Ìbéèrè ti yí padà nìyẹn o. Kì í ṣe èwo ló pawó jù mọ́, ó ti di pé èwo nínú wọn ni èrè ẹ̀ tó ewu tó kó wa sí?

Àwọn tó ń polówó ìdókòwò máa ń ju nọ́ńbà kan sí wa, "Sharpe ẹ̀ jẹ́ 0.8", wọ́n á sì dákẹ́, àfi bíi pé nọ́ńbà yẹn ti parí ẹjọ́. Kò parí nǹkan kan. Òṣùwọ̀n yìí pọ̀, Sharpe wà, Sortino wà, Treynor wà, alpha wà, Calmar wà, Ulcer Index wà, ìbéèrè tí kálukú wọn ń dáhùn sì yàtọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ta ko ara wọn lórí ṣíà kan náà. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáhùn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn: ṣé ṣíà yìí ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní, àbí ó kàn jẹ́ ọ̀kan láàárín ọ̀pọ̀? Ẹ máa rí i pé ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Nọ́ńbà tá a máa lò rèé. Àpẹẹrẹ lásán ni o, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kankan. Owó aláìléwu, ìyẹn èlé tí ìjọba ń san lórí owó tí wọ́n yá fúngbà kúkúrú, ẹ jẹ́ ká fi sí 3% lọ́dún. Fífì ni mo máa pe ohun tí àwọn oníṣirò ń pè ní standard deviation, ìyẹn bí èrè ṣe ń fì sókè fì sódò kúrò níbi ìpíndọ́gba ẹ̀.

| | Jẹ́jẹ́ | Wàràwàrà | Ọjà lápapọ̀ |
|---|---|---|---|
| Èrè ọdọọdún, ìpíndọ́gba | 9% | 16% | 10% |
| Fífì | 14% | 32% | 16% |
| Fífì sísàlẹ̀ nìkan | 9% | 15.5% | – |
| Beta (bí ṣíà ṣe ń bá ọjà lọ tó) | 0.6 | 1.5 | 1 |
| Ìṣubú tó burú jù | 22% | 61% | – |

Sharpe, èyí tí gbogbo ayé mọ̀

William Sharpe ló gbé e jáde lọ́dún 1966 nígbà tó ń fi àwọn fọ́ǹdù (owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn dá jọ tí ẹnì kan ń bá wọn fi dókòwò) wéra, ọkùnrin yẹn kan náà ló wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ètò ọrọ̀ ajé lọ́dún 1990, òun àti Harry Markowitz àti Merton Miller. Fọ́múlà ẹ̀ ò le rárá: ẹ mú èrè ṣíà, ẹ yọ èlé owó aláìléwu kúrò nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi fífì pín ohun tó kù. Jẹ́jẹ́: 9 yọ 3 ku 6, 6 nínú 14 jẹ́ 0.43. Wàràwàrà: 13 nínú 32 jẹ́ 0.41. Ọjà lápapọ̀: 7 nínú 16 jẹ́ 0.44.

Ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo èrè 7% tí Wàràwàrà fi ju Jẹ́jẹ́ lọ ti wọlẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ọjà lápapọ̀ tẹ́nikẹ́ni lè rà nínú fọ́ǹdù índẹ́ẹ̀sì olówó pọ́ọ́kú (èyí tó kàn ń ra gbogbo ṣíà tó wà nínú índẹ́ẹ̀sì, ìyẹn àkójọ ṣíà tí wọ́n fi ń wọn ọjà) sì tún ju àwọn méjèèjì lọ díẹ̀. Ohun tó dáa nínú Sharpe nìyẹn, kì í jẹ́ kí èrè ńlá tàn wá jẹ nígbà tó jẹ́ pé ewu ńlá ló bí i.

Tí 0.43 ò bá sọ nǹkan kan fún yín (ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò sọ nǹkan kan fún, mi ò sì dá wọn lẹ́bi), Franco Modigliani àti ọmọ ọmọ ẹ̀ Leah Modigliani ṣe ọ̀nà kan lọ́dún 1997 tó ń sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún, M2 ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi fífì ọjà sọ Sharpe di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá fi èlé owó aláìléwu kún un. Jẹ́jẹ́ á di 9.9%, Wàràwàrà á di 9.5%, ọjà dúró sórí 10% tiẹ̀. Ìyẹn ni pé ká ní wọ́n rọ àwọn méjèèjì kí wọ́n máa fì bí ọjà ṣe ń fì, iye tí wọn ì bá mú wá nìyẹn. Èmi fẹ́ràn èyí ju Sharpe fúnra ẹ̀ lọ torí ẹni tí ò mọ ìṣirò náà á yé.

Wàyí o, ibi tí Sharpe ti ń kùnà. Àkọ́kọ́, ó ń ka fífì sókè sí ewu. Kí ṣíà yín fò sókè ní 30% lóṣù kan, Sharpe á ní ẹ ti wà nínú ewu sí i, ta ló ń sunkún torí pé owó òun pọ̀ sí i? Ìkejì, tí èrè bá kéré sí èlé owó aláìléwu, nọ́ńbà ẹ̀ máa ń yí orí sódì: ṣíà tí èrè ẹ̀ fi 5% kéré sí èlé yẹn tó sì ń fì ní 10% máa gba òdì 0.5, èyí tó fi 5% kan náà kéré sí i àmọ́ tó ń fì ní 25% máa gba òdì 0.2, á wá dà bíi pé èyí tó ń fì bíi were ló dáa jù. Tí Sharpe bá ti wà nísàlẹ̀ òdo, ẹ má fi ṣe ìfiwéra kankan.

Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó fẹ́ dì í mú pẹ́. Sharpe ò mọ bí oṣù ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ kó èrè oṣù 120 jọ, ẹ pò wọ́n pọ̀ bí ẹ ṣe fẹ́, Sharpe ò ní yí padà rárá, àmọ́ ká ní àwọn oṣù burúkú yẹn tẹ̀ léra wọn, ìdajì owó yín á ti lọ kẹ́ ẹ tó mọ̀, tí wọ́n bá sì fọ́n káàkiri ẹ lè má mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Sharpe kan náà, ìrírí méjì tó jìnnà síra wọn bí ọ̀run ṣe jìnnà sáyé.

Ìkẹrin, ìdókòwò tó ń kó èrè kékeré kékeré jọ fún ọdún mélòó kan kó tó kú lójijì máa ń ní Sharpe tó rẹwà títí di ọjọ́ ikú ẹ̀. Fọ́ǹdù Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Long-Term Capital Management bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994, ó mú èrè tó ju 40% lọ wá lọ́dún 1995, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1996, méjì lára àwọn tó wà nídìí ẹ̀ gba Nobel lọ́dún 1997, nígbà tó fi máa di September 1998 àwọn báńkì ti ń dáwó jọ láti gbà á sílẹ̀. Nọ́ńbà àtijọ́ ò sọ ohun tó ń bọ̀.

Sortino: Sharpe tí wọ́n yọ ẹ̀sùn àkọ́kọ́ kúrò nínú ẹ̀

Orúkọ Frank Sortino ni wọ́n fi pè é. Ìsàlẹ̀ nìkan ló ń wò. Dípò kó fi gbogbo fífì pín, fífì tó wá sísàlẹ̀ ibi àfojúsùn yín ló fi ń pín, ẹ̀yin náà lẹ sì máa yan àfojúsùn yẹn: ó lè jẹ́ òdo, ó lè jẹ́ èlé owó aláìléwu, ó lè jẹ́ 6% tó bá jẹ́ pé iye tẹ́ ẹ nílò kí owó ìfẹ̀yìntì yín tó pé nìyẹn. Pẹ̀lú 3% wa, Jẹ́jẹ́ gba 6 nínú 9, ìyẹn 0.67. Wàràwàrà gba 13 nínú 15.5, ìyẹn 0.84.

Ẹ ti rí i bó ṣe yí padà. Lójú Sharpe, Jẹ́jẹ́ fi díẹ̀ borí. Lójú Sortino, Wàràwàrà ló borí, kò sì fi díẹ̀ borí. Ìdí ẹ̀ ni pé èyí tó pọ̀ nínú fífì Wàràwàrà, òkè ló ń lọ, nígbà tó jẹ́ pé Jẹ́jẹ́ máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀ àmọ́ tó bá máa já, ó máa ń já gbì. Fún ṣíà ẹyọ kan, mo rò pé Sortino ló yẹ kó rọ́pò Sharpe nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo ṣíà tó ń dàgbà kíákíá, torí irú ṣíà bẹ́ẹ̀, oṣù mélòó kan tó fò gan-an ló máa ń gbé gbogbo èrè ẹ̀, Sharpe á sì máa fìyà jẹ ẹ́ nítorí ohun tó dáa tó ṣe.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan ṣá. Ọ̀pọ̀ ètò Excel tí wọ́n ń pín kiri ló ń ṣírò fífì sísàlẹ̀ yìí lódì: wọ́n á kó àwọn oṣù tó pàdánù nìkan jọ, wọ́n á wá fi iye oṣù yẹn pín in. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo oṣù lẹ máa fi pín, àwọn oṣù tó ré kọjá àfojúsùn yín á kàn wọlé gẹ́gẹ́ bí òdo. Tẹ́ ẹ bá ní oṣù 120, tí 40 nínú ẹ̀ sì burú, ẹni tó fi 40 pín máa gba fífì tó jẹ́ ìlọ́po 1.73 ti gidi, Sortino ẹ̀ á sì kéré ju bó ṣe yẹ. Nítorí náà, Sortino tí ibì kan kọ àti Sortino tí ibòmíì kọ, ẹ má fi wọ́n wéra àfi tẹ́ ẹ bá mọ àfojúsùn àti ọ̀nà tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ fúnra yín ṣe é fún ṣíà méjèèjì, ó tán.

Treynor àti alpha: tí ṣíà bá jẹ́ ọ̀kan láàárín ọ̀pọ̀

Ibí lọ̀rọ̀ ti dùn. Jack Treynor kọ tiẹ̀ lọ́dún 1965, ó tiẹ̀ ṣáájú Sharpe. Ohun tó sọ ni pé tẹ́ ẹ bá ní oríṣiríṣi ṣíà, fífì tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, bí i kí ọ̀gá wọn kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kí ilé iṣẹ́ wọn kan jóná, tàbí kí wọ́n pàdánù ẹjọ́, ìyẹn máa ń rọ́ mọ́ ti àwọn yòókù, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́. Ewu tó kù tí ò lè pa rẹ́ ni èyí tó ń bá gbogbo ọjà lọ, beta ló sì ń wọn ìyẹn. Beta 1.5 túmọ̀ sí pé tí ọjà bá sún 10%, ṣíà náà máa ń sún nǹkan bíi 15%, ìbáà ṣe òkè ìbáà ṣe ìsàlẹ̀. Torí náà beta ni Treynor fi ń pín, kì í ṣe fífì. Jẹ́jẹ́: 6 nínú 0.6 jẹ́ 10. Wàràwàrà: 13 nínú 1.5 jẹ́ 8.7. Ọjà: 7 nínú 1 jẹ́ 7.

Michael Jensen wá dé lọ́dún 1968 pẹ̀lú alpha. Alpha ń béèrè pé: pẹ̀lú beta tí ṣíà yìí ní, èló ló yẹ kó mú wá, èló ló sì mú wá gan-an? Jẹ́jẹ́, 3 kún 0.6 lọ́nà 7 jẹ́ 7.2% ló yẹ kó mú wá, ó mú 9% wá, alpha ẹ̀ jẹ́ 1.8%. Wàràwàrà, 3 kún 1.5 lọ́nà 7 jẹ́ 13.5%, ó mú 16% wá, alpha ẹ̀ jẹ́ 2.5%. (Jensen fúnra ẹ̀ fi èyí wọn fọ́ǹdù 115 láti 1945 sí 1964, ó sì rí i pé ní ìpíndọ́gba wọn ò lè borí ẹni tó kàn ra ọjà lápapọ̀ tó sì jókòó tì í. Àwọn tó ń ṣàkóso fọ́ǹdù ò fẹ́ràn ìwé yẹn.)

Ẹ padà lọ wo nọ́ńbà wọ̀nyẹn o. Sharpe sọ pé ọjà lápapọ̀ dáa ju Jẹ́jẹ́ àti Wàràwàrà lọ. Treynor àti alpha sọ pé àwọn méjèèjì dáa ju ọjà lọ. Èwo ló ń parọ́? Kò séyìí tó parọ́. Sharpe ń bá ẹni tí ṣíà yẹn nìkan wà lọ́wọ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, gbogbo fífì yẹn, òun nìkan ló máa gbé e. Treynor àti alpha ń bá ẹni tó ti ní àkójọ tó gbòòrò sọ̀rọ̀, tó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kóun fi díẹ̀ nínú èyí kún un. Ṣíà kan náà lè jẹ́ ohun burúkú fún ẹni àkọ́kọ́, kó sì jẹ́ ohun iyebíye fún ẹnì kejì. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè yẹn nìyẹn.

Láàárín Treynor àti alpha fúnra wọn ńkọ́, torí pé àwọn náà ò fẹnu kò: Treynor mú Jẹ́jẹ́, alpha mú Wàràwàrà. Treynor ń sọ èrè tó wà lórí ìwọ̀n ewu ọjà kọ̀ọ̀kan, alpha ń sọ èrè tó ṣẹ́kù lápapọ̀, alpha sì máa ń pọ̀ tí beta bá pọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ṣíà méjì tí beta wọn jìnnà síra wéra, Treynor ni kẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ṣíà kan ṣe ju iṣẹ́ ẹ̀ lọ, alpha ti tó. Àmọ́ ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì ni beta, beta kì í sì í dúró lójú kan, ilé-iṣẹ́ tó jẹ gbèsè tuntun tàbí tó yí òwò padà, beta ẹ̀ máa yí, bẹ́ẹ̀ náà sì ni tẹ́ ẹ bá fi índẹ́ẹ̀sì míì wọn ọ́n. Ṣíà ilé-iṣẹ́ kékeré tẹ́ ẹ fi índẹ́ẹ̀sì ilé-iṣẹ́ ńlá wọn, alpha tó máa jáde níbẹ̀ lè jẹ́ ayédèrú.

Ìṣubú: èyí tí ara ń mọ̀

Fífì ò sọ ohun tó máa ń lé èèyàn jáde nínú ọjà. Ohun tó ń lé èèyàn jáde ni kó rí i pé owó tó ti tó báyìí rí ti di ìdajì, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Òṣùwọ̀n tó rọrùn jù níbí ni ìṣubú tó burú jù: látibi tó ga jù sí ibi tó balẹ̀ jù kó tó tún padà dé òkè yẹn. Jẹ́jẹ́ 22%, Wàràwàrà 61%. Ẹ sì má gbàgbé ìṣirò tó wà nídìí ẹ̀, ẹni tó pàdánù 22% nílò 28% kó tó padà sílé, ẹni tó pàdánù 61% nílò 156%.

Ká má rò pé àpẹẹrẹ inú ìwé lásán ni irú ìṣubú yìí. Índẹ́ẹ̀sì S&P 500 já ní nǹkan bíi 57% láti October 2007 sí March 2009, ilé-iṣẹ́ ńlá ńlá 500 lápapọ̀ nìyẹn o, ẹyọ kan kọ́. Índẹ́ẹ̀sì Nasdaq já ní 78% láti March 2000 sí October 2002, ọdún 2015 ló tó padà síbi tó wà. Índẹ́ẹ̀sì Dow Jones já ní 89% láti 1929 sí 1932, ó di ọdún 1954 kó tó padà. Ṣíà Amazon pàdánù ju 90% lọ láàárín ìparí 1999 àti 2001, àwọn tó dì í mú di olówó, ká sọ̀ótọ́, mélòó nínú wa ló máa dì í mú?

Calmar ló so èrè mọ́ ìṣubú yìí. Terry Young gbé e jáde lọ́dún 1991: èrè ọdọọdún tó dàgbà lórí ara wọn, kẹ́ ẹ fi ìṣubú tó burú jù pín in, oṣù 36 tó kẹ́yìn ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Fún ẹni tó ń wo ọdún púpọ̀, oṣù 36 kéré jù, ṣíà kan lè gba ọdún mẹ́ta kọjá láìrí ìjì kankan. Ẹ lo gbogbo ọdún tẹ́ ẹ ní, èyí tí wọ́n ń pè ní MAR ratio nìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé mo sọ "èrè tó dàgbà lórí ara wọn", mi ò sọ ìpíndọ́gba. Nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tí 100 bá gòkè ní 50% ó di 150, tó bá wá já ní 50% ó di 75. Ìpíndọ́gba èrè ọdún méjèèjì jẹ́ òdo, àmọ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó yín ló kù. Fífì ló jẹ ìyókù. Ọ̀nà kíákíá láti fojú bù ú ni pé kẹ́ ẹ yọ ìdajì fífì lọ́nà fífì kúrò nínú ìpíndọ́gba: Jẹ́jẹ́, 9% á di bíi 8%, Wàràwàrà, 16% á di bíi 11%. Wàràwàrà ti sọ èrè 5% lọ́dún nù sórí fífì nìkan! Àwọn tó ń polówó ìpíndọ́gba fún wa mọ èyí dáadáa o.

Tí a bá wá fi ìṣubú pín in, Jẹ́jẹ́ gba 8 nínú 22, ìyẹn 0.36, Wàràwàrà gba 11 nínú 61, ìyẹn 0.18. Ìlọ́po méjì. Nínú àwọn òṣùwọ̀n òkè yìí tó fi èrè wé ewu, kò sí òmíì tó fi àlàfo tó tó báyìí sáàárín wọn.

Ẹ̀sùn tó wà lórí MAR ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ló gbára lé. Bí ìṣubú yẹn bá gba oṣù méjì tàbí ọdún mẹ́fà, kò mọ̀ ọ́n. Ulcer Index tí Peter Martin ṣe lọ́dún 1987 ló tún ìyẹn ṣe. Lóṣù kọ̀ọ̀kan ẹ wo bí ṣíà ṣe jìnnà tó sí òkè tó dé kẹ́yìn, ẹ sọ ìyẹn di ìlọ́po ara ẹ̀, ẹ wá ìpíndọ́gba gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ wá mú square root ẹ̀. Ìṣubú tó jìn ló máa wúwo jù níbẹ̀, èyí tó pẹ́ náà á wúwo. Mo rò pé òṣùwọ̀n yìí ló sún mọ́ ohun tí ẹni tó di ṣíà mú ń fojú rí jù lọ, ó yà mí lẹ́nu pé ó ṣòro kéèyàn rí i lórí ọ̀pọ̀ ojúlé tí wọ́n ti ń wo ṣíà. Bẹ́ ẹ bá mọ Excel díẹ̀, kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta ti tó.

Ọdún mélòó ló tó?

Ìbéèrè yìí ń ba ọ̀pọ̀ ìfiwéra jẹ́. Àṣìṣe tó wà nínú Sharpe ọdọọdún tẹ́ ẹ bá ṣírò pẹ̀lú èrè oṣooṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 tẹ́ ẹ fi square root iye ọdún pín. Ọdún mẹ́wàá, àṣìṣe ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.32. Sharpe 0.5 tẹ́ ẹ rí níbẹ̀, èyí tó jẹ́ òótọ́ lè wà níbikíbi láti nísàlẹ̀ òdo díẹ̀ títí dé 1.1. Ó máa gbà tó ọdún 16 kẹ́ ẹ tó lè fọwọ́ sọ̀yà díẹ̀ pé Sharpe 0.5 kì í ṣe oríire lásán. Nítorí náà 0.43 ti Jẹ́jẹ́ àti 0.41 ti Wàràwàrà, ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹni tó bá fi 0.02 yẹn yan ṣíà ń tàn ara ẹ̀.

Báwo ni Sharpe tó dáa gan-an ṣe máa ń rí fún ṣíà kan tó ti pẹ́? Ẹ wo Berkshire Hathaway ti Warren Buffett. Andrea Frazzini, David Kabiller àti Lasse Pedersen wọn ọ́n láti 1976 sí 2017, 0.79 ni wọ́n rí, ti ọjà lápapọ̀ jẹ́ 0.49. 0.79 péré! Ó sì wà lókè pátápátá láàárín àwọn ṣíà tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, láti àárín 1998 sí February 2000 Berkshire pàdánù 44% nígbà tí ọjà ń gòkè ní 32%. Torí náà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ṣíà òun ní Sharpe 2 látọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ bi í pé ọdún mẹ́ta wo.

Ohun kan tún wà, àwọn tó ṣì wà láàyè là ń fi wéra. Hendrik Bessembinder wo nǹkan bíi 26,000 ṣíà ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1926 sí 2016, nínú mẹ́wàá, mẹ́rin péré ló mú èrè tó ju owó aláìléwu lọ ní gbogbo ìgbésí ayé wọn. Èyí tó pọ̀ jù ò dé ibẹ̀. Ṣíà tó ti ní ọdún 20 lórí ṣáàtì ti yege ìdánwò kan tí ọ̀pọ̀ ti kùnà.

Èwo ni kẹ́ ẹ wá mú?

Ẹni tó fẹ́ fi ṣíà kan tàbí méjì ṣe gbogbo ìdókòwò ẹ̀, kó kọ́kọ́ wo ìṣubú tó burú jù, kó bi ara ẹ̀ bóyá òun lè fara dà á, tí kò bá lè fara dà á kò sídìí láti tún wo nǹkan míì. Lẹ́yìn náà MAR tàbí Ulcer, lẹ́yìn náà Sortino. Nínú àpẹẹrẹ wa, Jẹ́jẹ́ ni mo máa mú fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, mi ò tiẹ̀ ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ M2 ti sọ fún un pé méjèèjì ò dáa ju fọ́ǹdù índẹ́ẹ̀sì lọ, kó gbọ́.

Ẹni tó ti ní fọ́ǹdù índẹ́ẹ̀sì tó fẹ́ fi ṣíà kan kún un, alpha àti Treynor ni tiẹ̀, méjèèjì ló yege, Wàràwàrà náà ò burú tó bá jẹ́ 5% owó ẹ̀ ló fẹ́ fi síbẹ̀, torí 61% nínú 5% jẹ́ bíi 3% lára gbogbo owó, ìyẹn ò lè pa ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó máa nílò owó náà láàárín ọdún márùn-ún, fún owó ilé tàbí iléèwé ọmọ, kò sí èyí tó ń ràn án lọ́wọ́ nínú wọn bí i gígùn ìṣubú: oṣù mélòó ni ṣíà yìí lò nísàlẹ̀ kó tó padà sókè? Tó bá ju ọdún tó kù fún un lọ, kó fi í sílẹ̀.

Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tó ń yọ owó lóṣooṣù, Ulcer ló yẹ kó wò, torí yíyọ owó nígbà tí ṣíà wà nísàlẹ̀ máa ń sọ ìṣubú fúngbà díẹ̀ di àdánù tí kì í padà mọ́.

Sharpe ńkọ́? Ẹ fi wọn gbogbo àkójọ yín lápapọ̀, ibẹ̀ ló ti wúlò jù. Lórí ṣíà ẹyọ kan, mi ò ní jẹ́ kó dá ìdájọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é fúnra yín, iye owó tí wọ́n ti tún ṣe fún dífídẹ́ǹdì (èrè tí ilé-iṣẹ́ ń san fún àwọn tó ní ṣíà ẹ̀) àti fún pípín ṣíà (kí wọ́n pín ṣíà kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ) ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe iye tó kàn wà lórí ṣáàtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ṣíà tó ń san dífídẹ́ǹdì dáadáa máa dà bí aláìṣe nǹkan kan. Èrè oṣooṣù ló dáa, ti ojoojúmọ́ ariwo ẹ̀ pọ̀ jù. Láti sọ Sharpe oṣooṣù di ti ọdún, square root 12, ìyẹn 3.46, lẹ máa fi sọ ọ́ di púpọ̀, àmọ́ Andrew Lo fi hàn lọ́dún 2002 pé tí èrè oṣù kan bá ń fa ti oṣù tó tẹ̀ lé e, ìṣirò yẹn máa ń bu iyì tí ò tọ́ fún nọ́ńbà náà. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí kan náà ni kẹ́ ẹ lò fún ṣíà méjèèjì, àti owó orílẹ̀-èdè kan náà.

Kẹ́ ẹ tó pinnu, ẹ gé ọdún 15 sí ọdún márùn-ún márùn-ún, kẹ́ ẹ ṣírò gbogbo ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún apá kọ̀ọ̀kan. Ṣíà tó dáa nínú apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí kò tiẹ̀ ga púpọ̀, mo gbà á tẹ́lẹ̀ ju èyí tí apá kan ṣoṣo gbé gbogbo èrè ẹ̀ lọ, pàápàá tó bá jẹ́ pé apá àkọ́kọ́ ni, nígbà tí ilé-iṣẹ́ yẹn ṣì kéré.